Kẹ̀kẹ́ Àfẹ̀yìntì fún Ẹni Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Lọ́jọ́ tí mo ṣubú, eré kọ́ ni mò ń sá. Mọ́tò kankan ò gbá mi, ajá kankan ò sì lé mi. Iná pupa ló dá mi dúró lójú títì Bissonnet níbí ní Houston. Mo na ẹsẹ̀ òsì kí n fi tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ò kan ilẹ̀. Gbìì! Èmi àti kẹ̀kẹ́ lulẹ̀ pa pọ̀ bí igi ọ̀pẹ tí wọ́n gé. Àwọn tó wà nínú mọ́tò ẹ̀yìn mi bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bi mí bóyá kí wọ́n pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ojú tì mí ju bí ó ṣe dùn mí lọ. Ọrùn ọwọ́ mi wú fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ọdún 66 ni mí nígbà náà.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́láńlé, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ fún ọmọdé ní kẹ̀kẹ́ yẹn." Dókítà ní tirẹ̀ sì ti ní n kò gbọ́dọ̀ jókòó sójú kan, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún tó ń ké gbì gbì bí mo bá ń gun àkàsọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kẹ̀kẹ́ mìíràn.

Ilé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti bí mi. Raleigh dúdú ni bàbá mi ń gùn lọ sóko ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa ọmọ kò ga tó láti jókòó lórí rẹ̀, a máa ń ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin àárín, a ó sì máa wà á ní ìdúró, bí akàn. Nítorí náà mo rò pé mo mọ kẹ̀kẹ́. Àṣé ti ọ̀dọ́ ni mo mọ̀. Fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta, eré sísá kọ́ ni wàhálà kẹ̀kẹ́. Ibi tí a ti ń gorí rẹ̀ àti ibi tí a ti ń dúró ni wàhálà wà. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ bá lè jókòó sórí rẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì sì tẹlẹ̀ pẹrẹsẹ, òun ni kẹ̀kẹ́ yín. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Abẹ́ ìjókòó gan-an ni pẹ́dàlì rẹ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúnkún nà dáadáa bí ẹ ṣe ń wà á, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ìjókòó sókè. Bí ẹ bá sì gbé e sókè, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló máa tọ́ ilẹ̀ wò. Bí ẹ bá ní kí ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè tẹlẹ̀, orúnkún á ká kọjá ààlà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín kó tó di máìlì méjì. Kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì ló yanjú ẹ̀. Wọ́n ti pẹ́dàlì síwájú, wọ́n fa ìjókòó sẹ́yìn, wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ń nà síwájú bí ìgbà tí èèyàn jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, kò nà sí ìsàlẹ̀ mọ́. Orúnkún nà tó bó ṣe yẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ sì kan ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá dúró.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì o, torí pé ẹ̀yìn ni a ń fi tì í, àti torí pé àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló bá mu. Semi-recumbent ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni. Lóṣù Keje ọdún 1933, ní Paris, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Francis Faure gun kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú tí Charles Mochet ṣe, ó sì rin kìlómítà 45.055 ní wákàtí kan ṣoṣo. Láti 1914 tí Oscar Egg ti rin kìlómítà 44.247 ní wákàtí kan, ẹnikẹ́ni ò tíì kọjá rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Kí ni àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ṣe? Nígbà tó di 1934, wọ́n tún ìtumọ̀ kẹ̀kẹ́ kọ, tí kẹ̀kẹ́ Mochet ò fi sí lára ohun tí wọ́n ń pè ní kẹ̀kẹ́ mọ́. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kí àwa tó mọ̀ ọ́n nìyẹn, lójú tèmi.

Ẹ óò bá oríṣi mẹ́ta pàdé. Àkọ́kọ́ jọ kẹ̀kẹ́ lásán, ìjókòó rẹ̀ kò ní ẹ̀yìn, àmọ́ pẹ́dàlì rẹ̀ ti lọ síwájú díẹ̀. Electra Townie ni èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Bí ohun tó ń dẹ́rù bà yín kò ju ìṣubú níbi iná tírááfíìkì lọ, èyí tó yín. Ó rọrùn láti rí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló sì lè tún un ṣe. Oríṣi kejì ní àga gidi, tó ní ẹ̀yìn, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga, ó sì wá síbi tí ọwọ́ wà láìnà gọọrọ. Táyà rẹ̀ kéré, ti iwájú ínǹṣì 16, ti ẹ̀yìn 20. Irú èyí ni tèmi, BikeE tí wọ́n ń ṣe ní Corvallis ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé láti 2002, torí náà àlòkù nìkan lẹ lè rí. Oríṣi kẹta ni èyí tí ẹni tó gùn ún ń sùn gbalaja, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga tó àyà, tí ìdí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Èyí dùn ún wò. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ẹni tó bá rọ̀ lulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún 70, ó di kí wọ́n fà á dìde.

Àwọn kan nínú wa wà tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ò yẹ fún rárá. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí apá kan ara ti ṣíwọ́ iṣẹ́ rí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ wá, kí ìjókòó rẹ̀ sì ga bí àga ìjẹun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Maryland lo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń fi í lọ ra ewébẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Àlòkù ni mo rà, dọ́là 350, lọ́wọ́ tọkọtaya àgbàlagbà kan ní Katy, nítòsí Houston, tí wọ́n ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Kí n tó rí i, mo ti kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí ọmọkùnrin ibẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, tó ní, "Gbogbo ìwọ̀n la ní," tó sì tà mí ní èyí tó ga jù mí lọ. Òun ni kẹ̀kẹ́ tó dà mí nù ní Bissonnet. Torí náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jókòó lé e. Kí ẹlòmíì má di kẹ̀kẹ́ mú fún yín. Bí gìgísẹ̀ yín méjèèjì bá tẹlẹ̀ láìyí ìdí, ó dára. Bí ó bá jẹ́ ìka ẹsẹ̀ nìkan, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ dìde kúrò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìdi nǹkan kan mú. Bí ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ẹ̀kẹta, àga náà rẹlẹ̀ jù.

Lára àlòkù, ibi tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, pàápàá lábẹ́ àga àti níbi fọ́ọ̀kì iwájú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun nínú ọ̀dà, ẹ má rà á, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣéènì tó gbó kì í ṣe nǹkan, àmọ́ ẹ rántí pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ yìí gùn ju ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ dáadáa. Ọ̀kan ò ní tó, ẹ óò ra ju páálí kan lọ kí wọ́n tó so ó pọ̀. Ẹ wọn gígùn kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú. Ọ̀rẹ́ mi kan, Alájì, ra tirẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé kò wọ bọ́ọ̀tù mọ́tò òun. Ọkọ̀ mi la fi gbé e délé, àtàrí rẹ̀ sì yọ sí fèrèsé dé Alief.

Ó kan títò. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ibí gan-an sì ni ìrora tàbí ìtura ti ń wá. Àga tèmi ń yọ̀ lórí irin gígùn kan, ẹ tú ìdè rẹ̀, ẹ ó tì í síwájú tàbí sẹ́yìn. Mo gbé e sí gáréèjì, mo fi ẹ̀gbẹ́ kan ti ògiri, ìyàwó mi sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Mo wọ bàtà tí mo máa fi gùn ún, torí pé bàtà nípọn jura lọ. Mo tẹ ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀yìn àga dáadáa. Mo wá fi gìgísẹ̀ sórí pẹ́dàlì, mo sì tì í títí dé ibi tó jìnnà sí mi jù. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán pátápátá láìjẹ́ pé ìdí yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí orúnkún bá ṣì ká, mo ti àga sẹ́yìn ínǹṣì kan. Bí mo bá ń na ìdí kí n tó bá a, mo fà á síwájú. Ìgbà kẹrin ló tó bá mi mu. Lẹ́yìn náà, mo gbé gìgísẹ̀ kúrò, kí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti pàdé ìka wà lórí pẹ́dàlì, orúnkún sì ká díẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ó bá nà gọọrọ, ẹ̀yìn orúnkún á máa dùn yín; bí ó bá ká jù, iwájú orúnkún ni. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ń dùn yín sọ ibi tí ẹ máa sún àga sí.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ ti fi wákàtí kan wá ibi kan, ẹ sàmì sí i o." Ó wọlé, ó mú kútẹ́ẹ̀sì pupa rẹ̀ wá, ó sì fa ìlà kan sára irin náà níwájú àga gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí àga bá yẹ̀, n kì í wọn nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yìn àga náà: ẹ má gbé e dúró ṣánṣán, ẹ má sì dà á sẹ́yìn bíi bẹ́ẹ̀dì. Orí kẹ̀kẹ́ yìí, ọwọ́ kì í gbé ẹrù rárá, ìdí àti ẹ̀yìn ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ mi sinmi, tí nǹkan tí àwa ọkùnrin ń jókòó lé lórí ìjókòó ṣóńṣó ìjelòó náà sì sinmi. Àmọ́ bí ẹ̀yìn àga bá dúró jù, egungun ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Ẹ dà á sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀ títí ẹ̀yìn yóò fi bá ìdí pín ẹrù. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kàn wà níbẹ̀ kí ẹ gbé ọwọ́ lé e ni. Ẹ jẹ́ kí ìgúnpá tẹ̀.

Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, tí mọ́tò ò sí. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo lò, láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn akọrin tó dé. Alájì ló dúró tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wolẹ̀ o. Ibi tí ẹ bá wò ni kẹ̀kẹ́ máa lọ." Òótọ́ ló sọ. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ẹ sì di bíréèkì méjèèjì mú. Ẹ fi jíà sí èyí tó fúyẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yí pẹ́dàlì sẹ́yìn títí yóò fi wà lókè téńté, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ òsì ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wo igi tàbí òpó kan ní ọ̀ọ́kán. Ẹ tú bíréèkì, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti pẹ́dàlì síwájú láìjáfara, kí ẹsẹ̀ òsì sì gbéra lójú ẹsẹ̀, kó lọ bá pẹ́dàlì tirẹ̀.

Ibi tí mo ti jìyà ni ẹsẹ̀ òsì yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, mo ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹni tó ń wọ́ àpò gààrí, kẹ̀kẹ́ sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Bó bá ń lọ díẹ̀, ó máa ń dúró ṣinṣin. Bí ẹ bá ń ṣe iyèméjì ló ń fì. Ìgbà kẹsàn-án ni mo tó lọ dé òpó iná láìfẹsẹ̀ tọ́lẹ̀. Nígbà tí mo yí padà, Alájì ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi.

Ọwọ́ yín ò gbọ́dọ̀ le mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ yìí yára gbọ́ràn, bí ẹ bá rọ́ ọ díẹ̀, ó yà. Ẹ mú un bí ẹni mú ẹyin. Ó máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má tà á kó tó di ìgbà náà.

Nǹkan kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ, tí ẹsẹ̀ sì yọ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ẹ má jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ìjókòó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ á gun gìgísẹ̀ yín, á sì fà á wọ abẹ́ rẹ̀. Egungun ń kán níbẹ̀. Ẹ ká ẹsẹ̀ sókè, ẹ tẹ bíréèkì. Nítorí èyí, kò sí sálúbàtà, kò sí bàtà awọ tó ń yọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ni, kí pẹ́dàlì sì fẹ̀ kó ní eyín tó ń di bàtà mú. Okùn bàtà, ẹ tì í bọ inú bàtà. Ṣòkòtò tó fẹ̀, ẹ ká a. Mo ti rí ibi tí ṣéènì ti jẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, n kò ní sọ ti ta ni.

Kò sí dídìde lórí pẹ́dàlì níbí. Ní orí kẹ̀kẹ́ bàbá mi, bí òkè bá dé, ẹ ó dìde, ẹ ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Àga ni ẹ wà lórí rẹ̀ báyìí. Ohun tí ẹsẹ̀ ò bá lè yí, ara ò lè ràn án lọ́wọ́. Jíà la fi ń gun òkè. Ẹ ti jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ máa yí kíákíá láìfagbára, bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ń fi jíà tó wúwo ti orúnkún, ilé oníṣẹ́ abẹ ló ń lọ. Bákan náà kí ẹ tó dúró: ẹ ti jíà wálẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń yí, torí pé jíà ẹ̀yìn tó wà níta kì í ṣeé pààrọ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró. Tèmi ní jíà mẹ́ta mìíràn nínú họ́ọ̀bù, àárín gbùngbùn táyà ẹ̀yìn, àwọn yẹn ṣeé pààrọ̀ níbi tí mo dúró sí. Bí ẹ bá rí èyí tó ní jíà inú họ́ọ̀bù, ẹ san owó lé e.

Houston tẹ́jú, ọpẹ́ ni, òkè tí a ní kò ju afárá lọ. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí odò Brays Bayou ni mo ń gbà, láti Arthur Storey Park lọ síhà ìlà oòrùn. Ohun tó ń dà mí láàmú níbẹ̀ ni ibi tí kọ́ńkéré ti sán. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lásán á gbé ìdí sókè díẹ̀, á kọjá. Àwa ò lè gbé ìdí, bẹ́ẹ̀ ni gìrì náà á ṣe wọ ọ̀pá ẹ̀yìn tààrà. Ẹ rọra bí ẹ bá rí i, ẹ ra táyà tó fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má sì fẹ́ ẹ le bí òkúta. Iye afẹ́fẹ́ wà lára táyà fúnra rẹ̀, ẹ wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà kékeré máa ń tètè dín kù.

Oòrùn ibí kò láàánú. Ní oṣù Kẹjọ, bí mi ò bá ti délé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, n kì í jáde mọ́. Ẹ mu omi kó tó gbẹ yín. Dígí ìwoẹ̀yìn ṣe pàtàkì fún wa ju iná lọ, torí ọrùn wa ò yí bíi tàná mọ́; ẹ fi sí apá òsì. Ẹ gbé àsíá pupa kan sórí òpó gígùn lẹ́yìn àga, kí àwọn onímọ́tò ńláńlá tó ń jókòó lókè lè rí yín. Akoto lórí, ní pàtàkì bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ sì bi dókítà yín léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá máa ń mú kí ojú yín ṣú nígbà tí ẹ bá dìde.

Máìlì méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Iṣan itan mìíràn ni kẹ̀kẹ́ yìí ń lò, ẹ ó mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kejì. Mo fi bíi ìdajì máìlì kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Báyìí, máìlì 12 kì í mú mi sọ pé ó yá kí n lọ sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ gáréèjì láàárọ̀, mo jókòó, ẹsẹ̀ mi ò sì rí àyè nà mọ́. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àga ti lọ síwájú bí ínǹṣì mẹ́rin. Mo wo irin náà dáadáa. Níwájú ìlà pupa tèmi, ìlà mìíràn wà níbẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ osùn, kò tíì gbẹ dáadáa.